Fóòmù Abẹ́ Páànù àti Ooru Òkè Àjà: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù

Bí oṣù Kejì bá ti wọlé tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ìbéèrè kan náà ló máa ń dé láti Tákìé, láti Under G, láti Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè sinmi àwítúnwí. Iṣẹ́ káfíńtà òrùlé ni mo kọ́. Orí òrùlé ni mo wà tí fóòmù fi wá bá mi.

Kí ni fóòmù tí wọ́n ń fín sábẹ́ páànù yìí gan-an?

Kì í ṣe fóòmù ibùsùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Oògùn olómi méjì ni, dúrọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn máa ń wà. Ẹ̀rọ á mú wọn gbóná, á tì wọ́n gba inú rọ́bà gígùn wá sí ẹnu ìbọn kan, ẹnu ìbọn yẹn ni wọ́n ti ń pàdé. Bí wọ́n bá ti ba igi tàbí páànù, wọ́n á hó, wọ́n á wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi gan. Polyurethane ni wọ́n ń pè é. Otto Bayer, ará Jámánì, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú irú rẹ̀ jáde ní 1937.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú àwọn ihò tíńtìntín ara rẹ̀ ló ń dí ooru lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, fóòmù kì í mú ilé tutù. Ooru tó ń bọ̀ ló ń dá dúró.

Kí ló dé tí ilé mi ń gbóná báyìí, tí mo sì ti kan àjà?

Páànù tó bá gba oòrùn láti àárọ̀ lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (60°C) tó bá máa fi di aago méjì ọ̀sán. Ó wá di ààrò tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀: á máa ta ooru sí àjà, àjà náà á gbà á, á tún tà á sí yín lórí. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi máa ń fẹ́ yín bí ẹni ń fẹ́ iná.

Ẹ wò ó fúnra yín. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ gun àga, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àjà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fi kan ògiri. Bí àjà bá gbóná ju ògiri lọ, òkè ni ọ̀rọ̀ ti wá, fóòmù á ràn yín lọ́wọ́. Bí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń jó yín lọ́wọ́, igi ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, tàbí kí ẹ na òrùlé jáde díẹ̀ sí i. Máńgòrò kan lẹ́yìn ilé ṣe ju oògùn dúrọ́ọ̀mù méjì lọ ní irú ibẹ̀.

Ìwọ̀n bíi digíríì 8 sí àríwá agbedeméjì ayé ni ìlú wa wà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró sí àtàrí wa gan-an: nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ìkùukùu máa ń bá wa bo ti oṣù Kẹsàn-án. Ti oṣù Kẹrin, páànù ló ń gbà á. Àwọn bàbá wa tí wọ́n to igi sí òkè yàrá tí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ nípọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa la fi bébà páànù rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n ní irú méjì ló wà. Èwo ni kí n mú?

Ọ̀kan rọ̀, èkejì le. Èyí tó rọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní open cell, bíi kànìnkànìn ló rí: ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á tún padà. Ó lè wú tó ìlọ́po 100 ohun tó jẹ́ nígbà tó wà ní olómi. Omi àti ọ̀rinrin lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó le, closed cell, bí ẹ bá fi èékánná kàn án, á dún bíi pátákó. Ìlọ́po bí 30 ló ń wú, omi kì í sì rí i wọ̀. Ní ti dídí ooru lọ́nà, íǹṣì kan èyí tó le fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì méjì èyí tó rọ̀.

Abẹ́ páànù lásán, èyí tó le ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lò. Ní ìdájí, pàápàá lẹ́yìn òjò, abẹ́ páànù máa ń làágùn. Bó bá jẹ́ èyí tó rọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rinrin inú ilé á gba inú rẹ̀ lọ bá páànù, omi á sì dúró síbẹ̀. Èyí tó rọ̀ dáa lórí àjà pátákó, ó sì rọrùn lówó.

Ẹ má bẹ̀rù ìwúwo. Bí ẹ bá fín èyí tó le ní íǹṣì méjì sábẹ́ òrùlé tó jẹ́ mítà 10 lóròó, mítà 10 níbùú, gbogbo rẹ̀ á wọn nǹkan bíi kìló 160, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta àti díẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ ká gbogbo òrùlé.

Ṣé fóòmù inú agolo tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ni?

Rárá o. Ti agolo wà fún etí wíńdò, ẹnu ọ̀nà àti ihò páìpù. Ẹnìkan ra páálí mélòó kan láti fi ṣe gbogbo òrùlé rẹ̀, kò tíì parí yàrá kan tí owó fi tán.

Abẹ́ páànù ni wọ́n á fín in sí ni, àbí orí àjà?

Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì ṣe é délẹ̀. Abẹ́ páànù ni mo fara mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, torí ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa mú ooru yẹn kó tó wọlé, wáyà iná tó wà lókè náà á sì bọ́ lọ́wọ́ ooru. Àjà PVC tí gbogbo ènìyàn ń kàn báyìí fẹ́lẹ́ gan-an. Fóòmù máa ń gbóná bó ṣe ń wú, ooru yẹn lè mú kí PVC ká kò.

Bí ẹ bá yan abẹ́ páànù, ẹ dí gbogbo ihò tó wà ní etí òrùlé àti ẹ̀yìn fásíà, ìyẹn pátákó tí wọ́n kàn yí etí òrùlé ká. Bó bá jẹ́ orí àjà lẹ yàn, ẹ fi ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀ gbayawu kí ooru ríbi jáde. Ohun tí mo sábà máa ń bá nílẹ̀ ni pé fóòmù wà lábẹ́ páànù, ihò fásíà sì ṣì là kalẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé fàlàlà. Owó ti lọ, ooru ò lọ.

Mi ò ní éésì. Ṣé ó wúlò fún mi?

Ó wúlò lọ́sàn-án. Àjà á dẹ́kun ooru títa, ẹ ó sì lè jókòó ní pálọ̀ ní aago mẹ́ta láìwá ìbòòji lọ sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ara ògiri ti ń mu oòrùn bọ̀ láti àárọ̀, òru ló máa ń bì í jáde. Fóòmù ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ ṣí wíńdò ìhà méjì tó kọjú síra wọn lálẹ́, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn má sì ya.

Ẹni tó ní éésì ló ń jèrè rẹ̀ jù. Yàrá á tètè tutù, éésì á máa sinmi lóòrèkóòrè, bátìrì sólà á sì pẹ́ díẹ̀ sí i lálẹ́.

Ṣé ó ń dín ariwo òjò kù?

Ó ń dín in kù púpọ̀. Èyí tó rọ̀ tilẹ̀ dáa jù fún ìyẹn. Àwọn kan sọ fún mi pé nítorí kí àwọn lè gbọ́ ara wọn lórí fóònù nígbà òjò ni àwọn ṣe ṣe é, ti ooru ò dun àwọn.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dáa láti ṣe é?

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ibi tí wọ́n máa fín in sí gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí omi bá wà lára igi, oògùn á bá omi jà, fóòmù á di oníhò ńláńlá, kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ìdájí ọyẹ́ náà kò dáa, páànù á ti tutù jù. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni mo fẹ́ràn. Ní ọ̀sán gangan, inú àjà lè dá ènìyàn kú.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà páànù àtijọ́, kí wọ́n sì nu eruku ọyẹ́ kúrò. Páànù tuntun máa ń ní epo díẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ kúrò. Fóòmù tó bá lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, ìpẹtà ló bá dúró, òun ló sì máa bá ṣubú.

Páànù mi ń jò díẹ̀. Ṣé fóòmù ò ní kúkú dí i?

Ìbéèrè yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí èmi náà ti ṣe é rí. Ilé ìyá mi ni. Ibì kan ń kán tótó lókè kọ́rídọ̀, lẹ́bàá ibi tí òrùlé méjì ti pàdé. Mo ní kí wọ́n fín èyí tó le bò ó. Kíkán náà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi gbàdúrà fún mi títí. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa tán, àjà kọ́rídọ̀ ti ń rọ̀ wálẹ̀. Mo gòkè, mo fi ọ̀bẹ gé fóòmù, mo fọwọ́ kan igi tùbàì-túù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun gààrí tí omi ta sí. Omi ò dá wíwọlé dúró rárá. Fóòmù kàn ń darí rẹ̀ lọ sínú igi ni, níbi tí ojú ò tó.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú òrùlé dá. Ẹ pààrọ̀ ìṣó tó ti jẹrà, ẹ dí ojú rẹ̀, ẹ tún ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá méjì tàbí mẹ́ta rọ̀ lé e. Bí ẹ bá gòkè tí ẹ ò rí ibi tó tutù, ẹ wá lè pe oní-fóòmù. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún yín pé fóòmù òun á bá yín wo jíjò sàn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìjì gbé òrùlé àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá. Ṣé fóòmù á mú tèmi dúró?

Èyí tó le máa ń lẹ páànù mọ́ igi, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n fóòmù kì í ṣe ìṣó. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ìjì, irin tí wọ́n fi ń de igi òrùlé mọ́ ògiri ni kí ẹ náwó lé.

Àdán, eku àti ikán ńkọ́?

Wọn kì í jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n eku á gbẹ́ ihò gba inú rẹ̀ kọjá, ikán náà á la ọ̀nà sínú rẹ̀ lọ sí ibi igi. Ewu ti ikán ni pé ẹ ò ní rí ipa rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fín oògùn ikán sí igi òrùlé, kó gbẹ dáadáa, kí fóòmù tó débẹ̀.

Ti àdán, ẹ kọ́kọ́ dúró títí ẹ ó fi mọ̀ dájú pé ọmọ wọn kankan ò kù nínú, kí ẹ tó dí ọ̀nà wọn lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti jáde lọ jẹun. Ìgbẹ́ wọn, ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó kó o, ẹ sì lo ìbòmú gidi; eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú.

Ṣé kò léwu fún ara?

Ó léwu nígbà tí wọ́n bá ń fín in, àti fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ó lè fa ikọ́ fée fún ẹni tí kò ní i rí, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré ló máa ń tún un gbé dìde. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ jáde, àti ọmọdé, àti ewúrẹ́, àti adìyẹ. Ó kéré tán, wákàtí 24, pẹ̀lú wíńdò ṣíṣí. Ẹ má jókòó sí ìta gbàgede ẹ̀yìn ilé kí ẹ máa sọ pé ẹ ti jáde.

Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, ìbọ̀wọ́, àti ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ìta wá sí i nímú. Bí ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gòkè pẹ̀lú ìbòmú Kòfíìdì, ẹ dá a dúró. Ọmọ ẹnìkan ni.

Iná ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó máa ń jó.

Ó ń jó. Wọ́n á sọ fún yín pé tiwọn kì í jó. Oògùn tó ń jẹ́ kó pẹ́ kí iná tó ràn án ló wà nínú rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sì jó, èéfín rẹ̀ ní májèlé tó lè pani kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ohun kan fi gbọ́dọ̀ wà láàárín fóòmù àti yàrá. Ní Amẹ́ríkà, pátákó jípúsọ́mù tó nípọn tó ìdajì íǹṣì, tàbí ohun tó bá a dọ́gba, ni òfin ilé kíkọ́ wọn ń béèrè. POP tiwa, jípúsọ́mù náà ni, ó sì ń gbìyànjú. PVC ò lè dúró níwájú iná rárá.

Wáyà ni kí ẹ wá bójú tó jù. Ẹ gòkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ wo bí wọ́n ṣe so wáyà: wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á fi téèpù wé e, ó tán. Bó bá wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ lè rí i bó bá ń dúdú. Bí fóòmù bá bò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan títí dọjọ́ tí èéfín máa yọ. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fi gbogbo rẹ̀ sínú páìpù, kí ojú ìsopọ̀ sì wà nínú àpótí tí ọwọ́ lè dé. Wáyà tí fóòmù bá bò mọ́lẹ̀ máa ń gbóná ju ti ìta lọ, nítorí náà kí ti éésì àti ti ẹ̀rọ amómigbóná nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí iná inú àjà ká. Òkè ilé ìdáná onígi àti ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí, ẹ má fín in síbẹ̀.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá iṣẹ́ dáa?

Ẹ gé ibì kan tó tó ìkúùkù kí ẹ wo inú rẹ̀. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó sì dọ́gba, bíi búrẹ́dì tó wú dáadáa. Bó bá ń rún wẹ́wẹ́ tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, oògùn méjèèjì ò dọ́gba. Òórùn ẹja tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àmì kan náà ni, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò.

Ẹ mú wáyà líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi báírò sàmì sí íǹṣì méjì lára rẹ̀, ẹ máa gún un káàkiri, kó má jẹ́ ibi tí wọ́n fi hàn yín nìkan. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń fín in: èyí tó le kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tutù kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá ń kánjú tó fín in nípọn gègèrè, àárín rẹ̀ lè jóná fúnra rẹ̀.

Owó mi ò tó. Kí ni mo lè ṣe?

Ọ̀dà funfun tó wà fún òrùlé, lórí páànù tó mọ́, ló ṣiṣẹ́ jù fún owó tó ń gbà. Ó ń dá oòrùn padà kó tó wọ páànù rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni bébà dídán aláàlùmíníọ́mù. Ìdí tó fi ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ ni pé wọ́n ń tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ páànù. Ojú tó ń dán gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí àyè afẹ́fẹ́ tó tó íǹṣì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá kọjú sókè, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo á bà á jẹ́.

Àjà ilé wa jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́. Ṣé kí a yọ ọ́?

Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀. Eruku yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá tíì sán, abẹ́ páànù ni kí wọ́n fín, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ páànù lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Fóòmù á bá a lọ. Kò sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ tán lára páànù, kò sì sẹ́ni tó máa ra páànù àlòkù tí fóòmù lẹ̀ mọ́. Bí páànù yín bá ti pọ́n, tó kù díẹ̀ kó lu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná. Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìgba ìwé lọ́wọ́ onílé. Ẹ ò lè kó o lọ tí ẹ bá ń kó jáde.

Ilé adìyẹ ńkọ́?

Adìyẹ á ṣá a jẹ, kòkòrò inú ìdọ̀tí adìyẹ náà á sì gbẹ́ ihò sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ fi nǹkan líle bò ó níbi tí ẹnu wọn lè dé. Oòrùn tó bá ń ràn án ní ẹ̀gbẹ́ náà á sọ ojú rẹ̀ di ìyẹ̀fun pupa, nítorí náà ó nílò ọ̀dà. Fún ilé adìyẹ, ọ̀dà funfun lórí páànù ni mo máa ń sọ.

Ojúlé mẹ́jọ ló wà lábẹ́ òrùlé kan nílé wa. Yàrá mi nìkan ni mo fẹ́ ṣe.

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri yàrá ò ga kọjá àjà. Òkè gbogbo yín, ọ̀kan ni. Bí ẹ bá fín abẹ́ páànù yàrá yín, ooru ojúlé méje tó kù á rìn wá bá yín láti ẹ̀gbẹ́. Orí àjà yín ni kí ẹ ṣe, bí àjà náà bá jẹ́ pátákó tó lágbára.

Ṣùgbọ́n òórùn oògùn ò mọ yàrá ẹni tó sanwó. Gbogbo ojúlé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló gbọ́dọ̀ sùn síbòmíràn lóru ọjọ́ yẹn, nítorí náà ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ní ikọ́ fée àti ẹni tó lóyún. Bí ìyá àgbà kan bá wà tó ní òun ò ní fi ilé òun sílẹ̀ nítorí fóòmù ẹnìkankan, ẹ ra ọ̀dà funfun.